Dírámù Kejì: Ọṣẹ Eérú àti Àdín fún Ìyá Ọmọ Òrukàn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùyọ sàká àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń pèsè fún ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó dàgbà láìrí bàbá rẹ̀ sójú, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ni. Ó lè dà bí ohun kékeré létí àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń lọ láti ilé opó kan sí èkejì mọ̀ pé kì í ṣe kékeré. Bí a bá gbé ìrẹsì, gàrí àti òróró lọ fún ìyá ọmọ òrukàn, a ti gbé oúnjẹ lọ, Ọlọ́hun yóò sì san án fún wa. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ Sátidé tí ó fẹ́ fọ aṣọ ilé ìwé àti aṣọ ilé kéwú àwọn ọmọ, a kì í fi ìrẹsì fọ aṣọ. Owó ni yóò wá. Nítorí pé owó náà kò tó, ọṣẹ inú ọ̀rá kékeré ni yóò rà, èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ìwọ̀n rẹ̀ wé ti inú àpò ńlá, ó wọ́n jù ú lọ. Ẹni tí kò lówó ni ó máa ń ra ọjà ní ọ̀wọ́n. Bí kò bá sì rí ti ọ̀rá kékeré náà rà, ọmọ yóò wọ aṣọ tí ó dọ̀tí lọ sí ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, láìpẹ́ yóò máa wá àwáwí láti jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn kan tí ó wà nínú àkójọ hàdíìsì Abu Dawud, láti ọ̀dọ̀ Anas ọmọ Mālik. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansọ́ọ̀rì wá bẹ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún nǹkan. Ànábì bi í bóyá kò sí nǹkan kan nínú ilé rẹ̀. Ó ní aṣọ kan wà tí àwọn ń bò, tí àwọn sì ń tẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ife kan tí àwọn fi ń mu omi. Ànábì ní kí ó kó wọn wá, ó sì tà wọ́n fún ẹni tí ó fi owó lé ti ẹni àkọ́kọ́, ní dírámù 2. Ó ní kí ọkùnrin náà fi dírámù kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi ìkejì ra àáké wá. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó fi èèkù sí àáké náà. Ó ní kí ó lọ máa ṣẹ́ igi tà, kí òun má rí i fún ọjọ́ 15. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, ó ti ní dírámù 10, ó ti fi díẹ̀ ra aṣọ, ó sì fi díẹ̀ ra oúnjẹ.

Ẹ wò ó dáadáa. Dírámù àkọ́kọ́ jẹ́ ti oúnjẹ, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Dírámù kejì jẹ́ ti irinṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a fún un ní ọjọ́, a sì béèrè bí ó ti ṣe sí. Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ òrukàn, dírámù àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù fún wa láti fi sílẹ̀, pàápàá nínú oṣù Ràmàdáánì. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí ni dírámù kejì. Ọ̀kan nínú àwọn àáké tí ó súnmọ́ ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ni ọṣẹ ṣíṣe.

ỌṢẸ ÀWỌN ÌYÁ WA

Ní ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ Lever Brothers dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún ọṣẹ. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ìyá wa ti ń fi eérú àti àdín ṣe ọṣẹ dúdú, wọ́n ń fi wẹ̀, wọ́n ń fi fọṣọ, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Iṣẹ́ obìnrin ni nílẹ̀ Yorùbá, ìyá ni ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Inú eérú èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ẹyìn orí rẹ̀ tán, iyọ̀ kan wà tí a ń pè ní pọ́táàṣì. Bí omi bá gba inú eérú náà kọjá, ó kó iyọ̀ yìí jáde. Bí omi eérú yìí bá pàdé òróró lórí iná, àwọn méjèèjì yóò di nǹkan kẹta, tí kì í ṣe òróró mọ́, tí kì í sì í ṣe omi eérú mọ́. Ìyẹn ni ọṣẹ. Pọ́táàṣì ni ó mú kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Kọ́sítíìkì sódà ni ó ń mú kí ọṣẹ gbígbẹ líle.

Ní àwọn ìlú kòkó bíi Ìdànrè, Ilé-Olújì àti Ìkirè, èèpo kòkó kì í wọ́n. Bí ó bá jókòó sínú oko, ó ń gbé àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú pa mọ́, tí òjò yóò tún tàn kálẹ̀. Àgbẹ̀ tí a bá bá kó èèpo náà kúrò, a ṣe é lóore ni. Ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Ayùnrẹ́, nítòsí Ìbàdàn, pàápàá ti fi èèpo kòkó ṣe ọṣẹ.

Àdín ni ó ń ná ènìyàn lówó. Ẹni tí ó bá lè pa ẹ̀kùrọ́ fúnra rẹ̀ yóò rí i ní ọ̀pọ̀. Fún ọṣẹ ìfọṣọ nìkan, òróró tí àwọn aláàkàrà ti fi dín àkàrà tí wọ́n kò lò mọ́ náà wúlò. Kí a fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa, kí a sì pò ó mọ́ àdín. Hóhò rẹ̀ kò ní pọ̀ tó ti àdín nìkan, ṣùgbọ́n yóò fọ aṣọ.

Ohun kan tí ó tún tù wá lọ́kàn ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí láti ara igi ni. Kò sí iyèméjì ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti òkú ẹran nínú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Èkínní, kí a sá èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí a sun ún lórí páànù tí ó mọ́ títí yóò fi di eérú. Kí a má da ọ̀rá, rọ́bà, igi tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí ìdọ̀tí ilé mọ́ ọn. Bí ó bá tutù, kí a jọ̀ ọ́.

Èkejì, kí a wá ìkòkò amọ̀ tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí, kí a tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a kó eérú sí i, kí a sì gbé e lé orí ìkòkò mìíràn. Kí a máa rọra da omi gbígbóná sí i. Omi òjò ni ó dára jù. Èyí tí yóò máa kán sílẹ̀ yóò pọ́n bíi tíì. Bí ó bá ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, kí a tún dà á padà sórí eérú. Láti mọ̀ bóyá ó ti lágbára, kí a fi ẹyin adìẹ tútù sí i: bí ó bá rì, kò tíì tó, bí ó bá léfòó tí ìwọ̀n ojú kọ́bọ̀ kan yọ síta, ó ti tó. Kí a sọ ẹyin náà nù, kì í ṣe jíjẹ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a se omi eérú náà nínú ìkòkò irin títí yóò fi dín kù tí yóò sì ki. Kí a gbé àdín kaná lọ́tọ̀ nínú ìkòkò irin ńlá, kí iná má pọ̀. Kí a máa bu omi eérú sí àdín náà díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fi igi gígùn rò ó láìdáwọ́ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò dà bí ògì, bí wákàtí ti ń lọ yóò máa ki bí àmàlà, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa dúdú. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ẹ̀kẹrin, kí a dán an wò. Kí a mú díẹ̀, kí a pò ó mọ́ omi gbígbóná nínú ife. Bí òróró bá léfòó, omi eérú ni ó kù. Bí ọṣẹ náà bá ń ta ènìyàn lára bí iná, àdín ni ó kù. Bí kò bá sí òróró lójú omi tí kò sì ta ni lára, ọṣẹ ti jinná. Kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó tutù, kí a bò ó, kí a sì jẹ́ kí ó jókòó fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 kí a tó lò ó tàbí tà á.

Nígbà tí a bá fẹ́ fọṣọ, kí a gé ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, kí a yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, kí a sì da á sínú omi tí a fẹ́ fi fọ aṣọ. Kí a rẹ aṣọ sínú rẹ̀ kí a tó fọ̀ ọ́. Àwọn omi kànga kan le, bí a bá fi ọṣẹ sí i, dípò kí ó hó, yóò dì bí ìdọ̀tí funfun lójú omi. Ẹni tí irú omi bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ̀, kí ó máa gbé agbada gbe omi òjò fún aṣọ fífọ̀. Fún aṣọ funfun, kí a kọ́kọ́ dán ọṣẹ náà wò ní igun kan. Kí a má fi fọ sányán tàbí aṣọ sílíìkì, nítorí omi eérú máa ń ba òwú wọn jẹ́.

Kí á sì má gbàgbé ètò ẹ̀sìn níbẹ̀. Ọṣẹ jẹ́ olùrànlọ́wọ́, omi mímọ́ ni ó ń mú ẹ̀gbin kúrò. Aṣọ tí ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kàn, bí ó tilẹ̀ hó pẹ̀lú ọṣẹ, a gbọ́dọ̀ fi omi mímọ́ ṣàn án títí ẹ̀gbin náà yóò fi lọ, kí a tó fi kírun.

OHUN TÍ Ó LÈ PA ỌMỌ LÁRA

Níbí yìí, a bẹ̀ yín, ẹ fi etí sílẹ̀. A kò lè fi ọwọ́ kan tọ́jú ọmọ òrukàn kí a fi ọwọ́ kejì gbé ewu wọ ilé rẹ̀. Omi eérú tí a ti sè kí, àti kọ́sítíìkì sódà tí àwọn mìíràn ń lò dípò rẹ̀, máa ń jó ẹran ara. Bí ọmọ bá gbé e mì, yóò jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí Ọlọ́hun bá dá a sí, ọ̀nà ọ̀fun náà lè dí, tí oúnjẹ kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ bí ó ti yẹ. Àwọn oníṣègùn ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa mọ ìpalára yìí dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé inú ike omi tàbí ìgò mínírà ni wọ́n rọ ọ́ sí, tí ọmọ rò pé omi mímu ni.

Nítorí náà, òfin wa fún gbogbo ìyá tí a bá kọ́ ní iṣẹ́ yìí nìyí. Kí ó má rọ omi eérú tàbí sódà sínú ike tí a fi ń mu nǹkan láé. Kí ó tì í mọ́ ibi tí ọmọ kò lè dé. Kí ó má se é nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, èyí funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń se ìrẹsì, nítorí yóò jẹ ìkòkò náà. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà, kí ó sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo sódà, sódà ni kí ó máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Kí ó má da omi lé sódà lórí, nítorí yóò hó síni lójú.

Bí ó bá ta sí ara tàbí ojú, omi púpọ̀ ni kí a máa fi ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ọmọ bá gbé e mì, kí a má fún un ní epo pupa láti fi bì, kí a má fi ìka sí i ní ọ̀fun. Ohun tí ó jó o nígbà tí ó ń lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o bí ó bá ń bọ̀ wá sókè. Kí a nu ẹnu rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dúró ti ìkòkò ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ láti kiri ọṣẹ. Nítorí kí ọmọ lè lọ sí ilé ìwé ni a ṣe ń ṣe ọṣẹ náà.

IBI TÍ SÀKÁ TI WỌ Ọ́

Àwọn kan lè béèrè pé ǹjẹ́ a lè fi owó sàká ra ìkòkò irin àti àdín? Ìbéèrè rere ni. Inú Sūratu At-Tawbah, āyah 60, ni Ọlọ́hun ti ka àwọn 8 tí sàká tọ́ sí, aláìní àti tálákà ni ó sì ṣáájú. Kò dárúkọ ọmọ òrukàn lọ́tọ̀ níbẹ̀. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún kò ní ẹ̀tọ́ sí sàká nítorí pé ó jẹ́ ọmọ òrukàn nìkan. Àìní ni ó sọ ọ́ di ẹni tí sàká tọ́ sí. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ṣe ìwádìí ilé kọ̀ọ̀kan kí a tó kọ orúkọ sílẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, Imam an-Nawawi, onímọ̀ ńlá nínú mádhàbù Sháfíì tí ó kú ní ọdún 1277, ti ṣàlàyé pé ẹni tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni a ó fún ní ohun tí yóò fi ra irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kan rọ̀ mọ́ ọn: ohun tí a bá fi sàká rà gbọ́dọ̀ di ti ẹni tí a fún. Ìkòkò náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa, a kò ní kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, a kò sì ní gbà á padà. Owó ọkọ̀, owó olùkọ́ àti àtíbàbà tí a ó ti kọ́ wọn, inú sàdákà ni a ó ti mú ìyẹn, kì í ṣe inú sàká.

A tún ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá àti àwọn alágbàtọ́ pé kí wọ́n má fi ogún àwọn ọmọ ṣòwò bí ó bá ṣe wù wọ́n. Ìkìlọ̀ tí ó wà nínú Sūratu An-Nisā, āyah 10, fún ẹni tí ó bá jẹ owó ọmọ òrukàn ní ọ̀nà àbòsí, ó le. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń ta ọṣẹ, kí ó wọ̀n ọ́n pé, kí ó má fi yanrìn tàbí eérú lásán fi kún un. Sūratu Al-Mutaffifīn wà níbẹ̀ fún wa.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN FÚN

Ẹ̀yin olùyọ sàká, ọ̀kan nínú 40 ni Ọlọ́hun béèrè lọ́wọ́ wa nínú owó tí ó bá tó òṣùwọ̀n, tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ wa ní òǹkà òṣùpá. Òṣùwọ̀n náà ni iye owó wúrà giráàmù 85. A bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń fi ti yín sílẹ̀, ẹ sọ fún akápò wa pé kí a mú apá kan rẹ̀ fún irinṣẹ́. Ẹni tí ó ní oko kòkó, kí ó fún wa ní èèpo rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta àdín, kí ó tà á fún àwọn ìyá wọ̀nyí láìlérè tàbí ní èrè kékeré. Ìyá àgbà tí ó mọ ọṣẹ ṣe láti ilé àwọn òbí rẹ̀, kí ó wá kọ́ wọn, ìmọ̀ tí ó ń ṣe ènìyàn lóore lẹ́yìn ikú ni. Àwa ìyókù tí a kò ní gbogbo èyí, kí a ra ọṣẹ wọn. Kí a má ra á nítorí àánú nìkan, kí a ra á nítorí pé ó fọ aṣọ.

Àwa náà yóò ṣe ti wa. Bí ó bá pé oṣù kan tí a ti gbé irinṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, a ó padà lọ sí ilé rẹ̀ láti béèrè bí ó ti ń ṣe sí, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti ní kí ọkùnrin Ansọ́ọ̀rì yẹn padà wá. A kò ní dá ìrẹsì dúró ní ọjọ́ tí a gbé ìkòkò dé. Dírámù àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jáde kí ìkejì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ànábì wa ti fi yé wa pé ọwọ́ òkè dára ju ọwọ́ ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tí a ń retí ni kí ọjà ìyá tí ó gba sàká lọ́wọ́ wa lónìí dàgbà títí yóò fi tó òṣùwọ̀n, kí ó pé ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun náà sì wá jókòó láàárín yín níbí láti yọ ti ẹlòmíràn. Ó ṣeé ṣe, pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàárà wa. Kí Ó fi àwọn ọmọ òrukàn ìlú wa sí abẹ́ ààbò Rẹ̀. Kí Ó forí jin àwọn bàbá wọn tí ó ti lọ, kí Ó fi ọwọ́ ìyá wọn mú oúnjẹ halal wọlé. Kí Ó kó wa jọ pẹ̀lú Ànábì wa nínú Àlùjánnà, ní ìsúnmọ́ra ìka méjì tí ó na sókè nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá tọ́jú ọmọ òrukàn. Āmīn.